Garawa epo mẹ́rin tí ọlọ́kadà ò gbọdọ̀ mọ̀

Ká ní oníbàárà kan wà ní Sakété tó fẹ́ ra epo pupa lọ́wọ́ ìyá kan ní Pobè, ìlú tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922. Garawa mẹ́rin ló fẹ́, àmọ́ kò fẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà gbọ́ iye rẹ̀. Ọlọ́kadà ni yóò jẹ́ iṣẹ́ náà, ẹnu ọlọ́kadà ò sì ní ìlẹ̀kùn.

Láyé àtijọ́, àrokò ni wọn ì bá fi ṣe é. Owó ẹyọ mẹ́fà ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, pé ọ̀rọ̀ wa jọra. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, owó ẹyọ lásán ló rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ èdè wa, tó sì mọ àrokò, kò sóhun tó pamọ́ fún un. Ẹnà tá a fi ń ṣeré lọ́mọdé náà nìyẹn: ẹni tó bá fetí sí i díẹ̀ ti já a. Èyí tí wọ́n kọ sílẹ̀ pàápàá, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Al-Kindi ti kọ́ àwọn èèyàn Bàgídáàdì bí wọ́n ṣe ń já a láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án: ka àmì tó pọ̀ jù nínú ìwé àṣírí náà, kó o fi wé lẹ́tà tó pọ̀ jù nínú èdè.

Ìyá elépo àti oníbàárà rẹ̀ kò tíì rí ara wọn rí, wọn ò sì ṣe àdéhùn àṣírí kankan. Ibi tí ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Rivest, Shamir àti Adleman, gbé jáde ní 1977 ti wúlò nìyí. (Clifford Cocks ti rí ọ̀nà yìí ní 1973 ní iléeṣẹ́ amí Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ wọ́n fi í pa mọ́ títí di 1997. Àṣírí nípa àṣírí.)

Ìyá mú nọ́ńbà méjì tí nǹkan kan ò lè pín àfi 1 àti ara wọn: 2 àti 11. Ó sọ wọ́n di púpọ̀, ó di 22. Ó wá pariwo 22 àti 7 sójú ọjà. Oníbàárà kọ 4 lẹ́ẹ̀meje, ó sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀: 16,384. Ó ń yọ 22 kúrò títí kò fi ṣeé yọ mọ́. 16 ló kù. 16 ló rán ọlọ́kadà. Nígbà tó dé Pobè, ìyá ṣe 16 lọ́nà 16 lọ́nà 16, ó jẹ́ 4,096. Ó yọ àwọn 22 rẹ̀ kúrò, 4 ló ṣẹ́ kù. Garawa mẹ́rin!

Níbo ló ti rí ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn? Yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lára 2 àti 11, ó ku 1 àti 10. Wọ́n di púpọ̀, 10. Ó wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé, tó bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 7, tó sì yọ àwọn 10 kúrò, 1 ni yóò kù. 3 ni: ìlọ́po 7 àti 3 jẹ́ 21, mẹ́wàá méjì, ó lé ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ 2 àti 11 kò lè rí 10, kò sì lè rí 3.

Ọmọdé ló mọ̀ pé 2 lọ́nà 11 ni 22, òótọ́ ni. Àmọ́ nọ́ńbà tó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀ ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì lé ní 600 dígíìtì. Ní 2020, àwọn onímọ̀ já oní-250 dígíìtì, iṣẹ́ tí ì bá gba èròjà kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní nǹkan bí 2,700 ọdún. Peter Shor sì ti fi hàn ní 1994 pé kọ̀ǹpútà kuáńtọ́ọ̀mù tó bá lágbára tó lè já àwọn tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹjọ 2024, NIST, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ìlànà mẹ́ta jáde fún pípa ọ̀rọ̀ mọ́ tí kò gbára lé irú ìsọdipúpọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.