Kí Ẹ Tó Ṣí Gọ́ọ̀mù: Àlàyé Lórí Àga Tó Ń Mì

Púpọ̀ nínú wa ló ń lo àga àti tábìlì àlòkù ní ìlú òyìnbó níbí. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n àga tó ń mì lè ṣe àgbàlagbà léṣe, ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ohun tí ojú wa rí.

Nígbà òtútù tó kọjá, wọ́n fún wa ní àga mẹ́fà fún oúnjẹ ọ̀sán àwọn àgbà. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló ń mì. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni àwa kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ṣùgbọ́n a ra ìgò gọ́ọ̀mù funfun kan, a rọ ọ́ sí oríkèé àwọn àga náà nínú ilé pákó tó wà lẹ́yìnkùlé, a sì fi okùn dì wọ́n. Inú wa dùn pé a ti dín ìnáwó kù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, màmá kan jókòó, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yọ. Ọpẹ́lọpẹ́ tábìlì tí wọ́n dì mú. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé itọ́ lẹ fi lẹ̀ ẹ́ ni?"

A bẹ màmá, a sì lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan, ọmọ ilẹ̀ wa. Ó wo àwọn àga náà, ó ní gọ́ọ̀mù kò jẹ̀bi. Kí a tó ṣí i rárá ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ohun tó kọ́ wa nìyí:

1. Ẹ kọ́kọ́ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò. Gọ́ọ̀mù tuntun gbọ́dọ̀ wọ inú igi kó tó lè dì í mú. Bí ti àtijọ́ bá bo ojú igi, kò rí ibi wọ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ àti sánpépà ha á títí igi yóò fi hàn, ṣùgbọ́n ẹ má ha igi fúnra rẹ̀ tín-ín-rín.

2. Ẹ tò ó wò láìsí gọ́ọ̀mù. Àwa oníṣirò kì í fọwọ́ sí ìwé tí a kò tíì yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni àga. Ṣé orí igi wọ ihò rẹ̀ ṣinṣin? Gọ́ọ̀mù funfun kì í dí àlàfo. Bí ihò bá tóbi jù, ẹ lẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ orí igi náà. Ẹ kó gbogbo irinṣẹ́ sítòsí, nítorí láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 10 ni gọ́ọ̀mù ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì.

3. Ẹ ṣọ́ra fún òtútù. Nílé, ooru ló máa ń lé káfíńtà léré. Níbí, òtútù ni ọ̀tá. Bí ooru bá lọ sílẹ̀ ju digírì 5 sí 10 ti Celsius, ọ̀pọ̀ gọ́ọ̀mù funfun á gbẹ bí ẹfun, kò sì ní lágbára. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nínú ilé pákó nìyẹn. Ẹ gbé igi àti gọ́ọ̀mù sun inú yàrá tó lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò.

4. Ẹ má rọ ọ́ kún ihò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á fẹ́lẹ́ sí ojú méjèèjì. Bí gọ́ọ̀mù bá kún inú ihò róbótó, tí ẹ wá fi òòlù gbá orí igi wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Ó lè la igi. Ẹ fi àkísà tutù nu èyí tó bá yọ síta, torí pé ibi tó bá gbẹ sí kò ní gba ọ̀dà igi mọ́.

5. Ẹ fún un pọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kíláǹpù, ìyẹn irin tí a fi ń fún igi pọ̀, dára ju okùn wa lọ. Bí gọ́ọ̀mù bá ti yọ wínníwínní létí oríkèé, ó tó. Ẹ fi pákó kékeré sáàárín irin àti àga kó má bàa dápàá sí i. Ẹ wọn ìjókòó láti igun dé igun lọ́nà méjèèjì. Bí kò bá dọ́gba bó ṣe wà nígbà tí ẹ tò ó wò, àga ti wọ́ nìyẹn. Ẹ tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé ó di ọ̀la.

Bí nǹkan bá dàrú láàárín iṣẹ́, ẹ má fòyà. Ẹ fà á yọ, ẹ fi omi nù ún, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Àfi tó bá gbẹ tán ni wàhálà dé. Ẹ fi í sílẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan kí ẹnikẹ́ni tó jókòó lé e. Bí igi ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ bá ti là, ẹ má wulẹ̀ tún un lẹ̀. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́, tàbí kí ẹ jù ú nù.

A ti tú àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a sì tún wọn ṣe. Màmá ti ń jókòó lórí tiwọn báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ mì ín wò. A ò bínú sí i. Ẹ̀yin náà, ẹ fọwọ́ mi tiyín wò lónìí. Bí ó bá ń mì, ẹ bá wa sọ̀rọ̀.