Láti Mọ́kọ́lá dé etí òkun Àgbádárìgì

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán nígbà tí mo wọ máíkírà lábẹ́ afárá Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Òórùn àkàrà ti gba ẹ̀gbẹ́ títì, ó dà pọ̀ mọ́ èéfín mọ́tò, àwọn awakọ̀ sì ń pariwo "Sángo, Òjòó, Mọ́níyà, ẹ wọlé o!" Ní Mọ́níyà ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó. Láti ọdún 2021 ló ti ń ná ọ̀nà náà, kìlómítà 157. N kò dúró l'Ékòó, etí òkun ni mo ń lọ. Ní Máìlì Tuu ni mo ti wọ bọ́ọ̀sì Àgbádárìgì.

Ojú ọ̀nà yẹn kò rọrùn. Oòrùn ti mú, eruku ń gba ojú fèrèsé wọlé, tírélà sì tò gbọọrọ níwájú wa títí a fi kọjá Àgbárá. Wọ́n fi igi dábùú ọ̀nà, ọkọ̀ dúró. A rìn díẹ̀, igi mìíràn. Obìnrin tó jókòó tì mí gbé àpò ẹja gbígbẹ lé itan, ó sì sùn lọ fọnfọn. Nígbà tí a dé Àràdágun ni atẹ́gùn yí padà, ó tutù, ó ń gbé òórùn omi bọ̀ láti ọ̀sà. Àgbọn wà ní òkìtì-òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tútù lọ́tọ̀, gbígbẹ lọ́tọ̀.

Nígbà tí mo wọ ìlú, ibi tí gbogbo àlejò máa ń kọ́kọ́ lọ ni èmi náà lọ: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì CMS, tó dojú kọ ọ̀sà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 ni Gollmer, Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Pákó àtẹ̀gùn ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, yàrá òkè sì móoru. Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, gbé ìlú yìí kó tó kọjá sí Abẹ́òkúta ní 1846. Mo dúró pẹ́ lójú fèrèsé. Omi ni mo rí, àti lódìkejì omi, igi àgbọn tó tò lọ títí ojú kò fi tó o mọ́.

Ọkọ̀ ojú omi onẹ́ńjìnnì ló gbé èmi àti àwọn àlejò mìíràn sọdá ọ̀sà sí Gberefu. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì tí wọ́n fún wa ṣì tutù, ó ń rùn fún ẹja. Láti èbúté dé òkun, ẹsẹ̀ là ń fi rìn. Ojú ọ̀nà yìí ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Yanrìn gbóná wọ inú bàtà, ó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń mú wa káàkiri ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú mu nínú omi rẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Gbogbo wa dúró níbẹ̀. Àwọn kan ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti sọ̀ kalẹ̀, inú oko là ń gbà kọjá. Lápá ọ̀tún, àwọn obìnrin ń fa ẹ̀gẹ́ tu nínú yanrìn, ó ń jáde wẹ́rẹ́, wọn ò lo ọkọ́ rárá. Lápá òsì, ẹja ṣáwá tò lórí wáyà, èèpo àgbọn ni wọ́n fi ń dáná rẹ̀, èéfín náà ń ta mí lójú. Lókè orí wa, imọ̀ àgbọn ń lura wọn, ariwo òkun sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń sún mọ́ ọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lórí igi, okùn lẹ́sẹ̀, àdá nídìí. Àgbọn já lulẹ̀, gbì. Òmíràn tún já, gbì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá," ni mo kí àgbàlagbà tó ń ṣà wọ́n jọ.

"Kú ìrìn o, ọmọ mi. Jókòó, kí o mu omi."

Ó bẹ́ orí àgbọn kan, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Omi rẹ̀ dùn, iyọ̀ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bàbá náà ní bàbá tó bí òun ló gbin igi náà. Irú àgbọn gíga yìí máa ń gba bí ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó so, ó sì lè máa so fún 60 ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Funfun inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àdí àgbọn àti ṣùkù-ṣùkù, èèpo rẹ̀ di igi ìdáná, imọ̀ rẹ̀ di ọgbà àti òrùlé.

Bàbá wo àwọn àlejò tó ń kọjá lọ. "Kí ni wọ́n máa ń kánjú lọ ṣe?" ló bi mí.

N kò rí èsì fún un. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri búlọ́ọ̀kù kan pé ilẹ̀ náà kì í ṣe títà. Kùkùté àgbọn ló yí ògiri náà ká.

A dé òkun. Ariwo rẹ̀ di etí, iyọ̀ lẹ̀ mọ́ ètè. Àwọn àlejò yòókù ya fọ́tò lábẹ́ òpó ìrántí àwọn ẹrú, wọ́n yí padà.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ mo ya ọjà Agbalata. Gàrí, ata, akàn tó ṣì ń jà nínú agbọ̀n, àdí àgbọn nínú ìgò. Wọ́n ń ná ọjà ní èdè Ẹ̀gùn, ní Yorùbá, ní Faransé. Bodè Sèmè kò jìnnà, náírà àti sẹ́fà ni wọ́n jọ ń gbà.

Ẹ̀wọ̀n ẹrú tó wà ní Àgbádárìgì yẹ ní wíwò, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò yẹ. Àmọ́ àwọn tó ń gbin ilẹ̀ náà ṣì wà láàyè, a sì ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó ọmọ iléèwé lọ síbẹ̀ láti Ìbàdàn, ẹ fi wákàtí kan kún àkókò yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dúró nínú oko, kí wọ́n bi àgbẹ̀ ní ìbéèrè, kí ẹ sì ra àgbọn lọ́wọ́ ẹni tó gun igi náà.