Ẹni Tí Ó Bẹ Ọ̀wẹ̀ Ni Yóò Wá Oúnjẹ: Iná àti Ariwo Káàdì Àwòrán Inú Kọ̀ǹpútà

Ilé ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ fíìmù ìgbéyàwó ni ó ń ṣe. Bí wọ́n bá ti ya àwòrán tán níbi ìnáwó, òun ni yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí yóò gé e, tí yóò tò ó, tí yóò sì fi orin sí i. Odidi ọdún kan ni ó fi tu owó jọ kí ó tó ra káàdì àwòrán ńlá kan. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ lò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé wọn kú. Nígbà tí iná ìjọba dé, káàdì náà bẹ̀rẹ̀ sí hó bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀, ìyá rẹ̀ tí ó wà ní iyàrá kejì kò sì rí oorun sùn. Ilẹ̀ mọ́, ó tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, àbí káàdì náà ti bàjẹ́?" Mo ní, "Kò bàjẹ́, àbúrò mi. Ebi ni ó ń pa á, ooru sì ń mú un."

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ariwo tí káàdì náà ń pa ní ìdí, ìdí náà kò sì ṣòro láti mọ̀. Iná ni ìyá, ooru ni ọmọ, ariwo ni ọmọ-ọmọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ọmọ-ọmọ dákẹ́, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni kí ó gba lọ. Èyí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí káàdì àwòrán jẹ́. Àwòrán tí a ń rí lójú kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àmì kéékèèké ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì lè ju mílíọ̀nù 2 lọ lójú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Géèmù a sì máa fẹ́ kí a tún gbogbo àmì wọ̀nyí yà ní ìgbà 60 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju agbára ẹnì kan lọ. Ọ̀wẹ̀ ni a fi ń ṣe é. Nínú káàdì tí ilé iṣẹ́ NVIDIA pè ní RTX 4090, èyí tí ó jáde ní ọdún 2022, irú òṣìṣẹ́ kéékèèké bẹ́ẹ̀ jẹ́ 16,384 nínú ṣíìpù kan ṣoṣo. Gbogbo wọn a sì dá ọwọ́ bo iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò wá oúnjẹ. Oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni iná mànàmáná.

Báwo ni oúnjẹ náà ti pọ̀ tó? Wáàtì ni a fi ń wọn bí ohun èlò kan ti ń jẹ iná sí. Fáànù àjà máa ń jẹ bí wáàtì 70, áyọ̀ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ sì máa ń jẹ bí 1000. Ẹ wá wo káàdì àwòrán. Ní ọdún 2014, GTX 980 tí ó jẹ́ aṣáájú ìgbà náà ń jẹ wáàtì 165. Ní ọdún 2020, RTX 3090 jáde, ó ń jẹ 350. Ti ọdún 2022 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ń jẹ 450. Nígbà tí RTX 5090 dé ní ọdún 2025, 575 ni wọ́n kọ sí i lára. Láàárín ọdún 11 péré, oúnjẹ aṣáájú fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. Lóòótọ́, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. N kò sọ pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí kò bá béèrè iye oúnjẹ kí ó tó pe àlejò wọlé, àbámọ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀.

Níbo wá ni iná náà ń lọ? Bí ẹ bá fi iná lọ ata, ata ni yóò fi hàn yín pé iná ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n káàdì àwòrán kò gbé ẹrù, kò sì lọ ata. Nọ́ńbà ni ó ń ṣí kiri. Nítorí náà, bí ó bá ti ṣe ìṣirò rẹ̀ tán, gbogbo iná tí ó jẹ ni ó di ooru. Kò sí bí a ó ti se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Kò sì sí bí iná yóò ti wọ inú ṣíìpù tí kò ní jáde ní ooru. Ara ènìyàn tí ó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú bí wáàtì 100 ooru jáde. Ẹni tí ó bá ń lo káàdì oníwáàtì 350 nínú iyàrá kékeré, ó dàbí ẹni pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò mẹ́ta àbọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀.

Ooru yìí kò gbọdọ̀ dúró sára ṣíìpù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò bà á jẹ́. Wọ́n fi bàbà àti alumíníọ̀mù pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lé e lórí láti fa ooru náà sókè, fáànù méjì tàbí mẹ́ta a sì máa fẹ́ ẹ dànù. Ibí ni ariwo ti wọlé. Bí fáànù bá yí ní ìlọ́po méjì eré tí ó ń sá tẹ́lẹ̀, ìlọ́po méjì péré ni afẹ́fẹ́ tí ó ń gbé, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ yóò fi bí désíbẹ́ẹ̀lì 15 lé sí i. Désíbẹ́ẹ̀lì ni òṣùwọ̀n ariwo. Bí ó bá fi 10 lé, etí wa á gbọ́ ọ bí ẹni pé ariwo náà di méjì. Ẹ rí i pé èrè afẹ́fẹ́ kéré, gbèsè ariwo pọ̀. Ìdí nìyí tí fáànù ńlá tí ń yí jẹ́jẹ́ fi sàn ju fáànù kékeré tí ń sáré lọ.

Ilẹ̀ wa tún dá kún un. Bí a kò bá fẹ́ kí ṣíìpù gbóná ju ìwọ̀n Celsius 80 lọ, tí iyàrá sì wà ní 22, àlàfo 58 ni ó wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹta, tí iyàrá bá wà ní 33, àlàfo náà di 47. Afẹ́fẹ́ tí ó ti gbóná tẹ́lẹ̀ kì í lè gbé ooru púpọ̀, nítorí náà fáànù ní láti sáré sí i. Káàdì kan náà tí ó dákẹ́ ní ìlú òtútù lè máa pariwo lọ́dọ̀ wa.

Kí ẹ má ṣe rò pé àwa nìkan ni ariwo yìí ń dà láàmú. Ní ọdún 2003, NVIDIA gbé káàdì kan jáde tí a ń pè ní GeForce FX 5800 Ultra. Fáànù rẹ̀ pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà fi sọ ọ́ lórúkọ ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń fa eruku. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe fíìmù ẹ̀fẹ̀ kan láti fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ariwo mìíràn tún wà tí ó ń dún tín-ín bí kòkòrò alẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ti fáànù. Wáyà wíwé inú káàdì ni ó ń gbọ̀n bí iná ti ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò léwu.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ilé ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Èé ṣe tí jẹnẹrétọ̀ fi ń kú? Ìwé tí ó bá káàdì rẹ̀ wá sọ wáàtì 350, ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré bíi tiwọn kò sì lè gbé ju bí 650 lọ. Ó rò pé ó tó. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà yòókù ń jẹ tiwọn, fáànù àjà ń jẹ tirẹ̀, káàdì ńlá kì í sì í jẹun ní ìwọ̀n kan. Ní ìṣẹ́jú tí kò tó ìpajú, ó lè gbé òkèlè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti inú ìwé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò lè fara da irú òkèlè bẹ́ẹ̀.

Ti owó ńkọ́? Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí ó wà ní Band A sí náírà 225 fún ẹyọ kan. Bí a bá fi ìyẹn ṣírò, káàdì oníwáàtì 350 tí a ń lò ní wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ yóò jẹ náírà 9,450 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Èyí tí ń jẹ wáàtì 115, bíi RTX 4060 ti ọdún 2023, yóò jẹ 3,105. RTX 4060 yìí sì yá ju GTX 980 ti ọdún 2014 tí ń jẹ 165 lọ.

Ohun kan wà tí ó ju owó lọ. Fóòtì 12 ni káàdì ń lò, nítorí náà wáàtì 450 yóò fa áńpù 37 àbọ̀ gba inú wáyà tín-ín-rín. Ní ìparí ọdún 2022, sọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn RTX 4090 kan yọ́. Nígbà tí NVIDIA wádìí rẹ̀, ó ní ohun tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé wọn kò tì í wọlé dé òpin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tì í títí yóò fi dúró ṣinṣin, kí ẹ má sì ká wáyà náà lọ́rùn nítòsí ẹnu rẹ̀.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Kí ẹ tó ra káàdì fún ara yín tàbí fún ọmọ yín, ẹ béèrè wáàtì rẹ̀ kí ẹ tó béèrè eré rẹ̀, kí ẹ sì wo ohun tí jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì ilé yín lè gbé. Èkejì, ẹ lè dín oúnjẹ káàdì tí ẹ ti rà kù. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí a fi ń pàṣẹ fún un pé kí ó má ṣe jẹ ju iye kan lọ. Bí fóltéèjì, ìyẹn ipá tí ń ti iná, bá fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún dín, iná tí ṣíìpù ń jẹ yóò fi bí ìdá mọ́kàndínlógún dín. Nítorí ìdí èyí, káàdì ńlá tí a dín oúnjẹ rẹ̀ kù sí ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kì í sábà pàdánù tó ìdá mẹ́wàá nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹ nu eruku ara rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, kí ẹ sì gbé kọ̀ǹpútà kúrò ní kọ̀rọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé.

Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. A dín wáàtì 350 rẹ̀ kù sí 250, a gbọn eruku inú àpótí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dànù, a sì fà á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fíìmù tí ó ń gba ogún ìṣẹ́jú tẹ́lẹ̀ wá gba bí ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Jẹnẹrétọ̀ kò kú mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo pàdé ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mo sùn o, ọmọ mi. Mo tilẹ̀ rò pé ọmọkùnrin yìí ti ta nǹkan náà ni."

Ó dìgbà kan ná.