Kì Í Ṣe Gbogbo Ohun Tí Ó Dákẹ́ Ni Ó Bàjẹ́

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́, ǹjẹ́ aago àtijọ́ kan kò sí nínú àpótí ní ilé yín, tí ó ti dákẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò sì sí ẹni tí ó ní ọkàn láti sọ ọ́ nù? Bí ó bá wà, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo ti tọ́jú irú aago bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀nà tí mo kọ́kọ́ gbà kò sì dára. N kò fẹ́ kí ẹ gba ibẹ̀.

Ìlú Ara, ní agbègbè Èjìgbò, ni ilé ọkọ mi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ agbègbè wa yóò mọ̀ pé Àbíjàn kò jìnnà lójú wa. Àìmọye ọmọ Èjìgbò ni ó ti ṣòwò ní ilẹ̀ Ivory Coast, tí àwọn mìíràn sì gbọ́ èdè Faransé bí ẹni pé wọ́n bí wọn sínú rẹ̀. Bàbá ọkọ mi wà lára àwọn tí ó ṣòwò níbẹ̀. Ọ̀hún ni wọ́n ti ra aago àpò kan, aláwọ̀ fàdákà, olójú funfun, tí ẹ̀wọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Òun ni wọ́n ń lò títí ọlọ́jọ́ fi dé. Lẹ́yìn wọn, Ìyá fi àjákù aṣọ òfì wé aago náà, wọ́n sì fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Ní ọjọ́ kan tí a lọ kí Ìyá, wọ́n tú u jáde, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

“Ìyàwó mi,” ni wọ́n wí, “ìwọ ni o kàwé ìtọ́jú ilé. Ǹjẹ́ o lè bá mi mú kí aago Bàbá tún sọ̀rọ̀? Ìró rẹ̀ ni mo fi ń sùn nígbà ayé wọn.”

Mo kúnlẹ̀, mo gbà á, mo sì ṣe ìlérí ohun tí n kò mọ bí a ti í ṣe é.

Nígbà tí mo dé ilé, mo fi ẹnu ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn aago náà. Mo rí i pé àwọn kẹ̀kẹ́ inú rẹ̀ kò yí, mo sì rò pé òróró ni wọn kò ní. Mo mú òróró tí mo fi ń tọ́jú máṣíìnì ìránṣọ mi, mo kán an sí gbogbo ojú ihò tí mo rí. Aago náà dáhùn! Inú mi dùn bí ẹni tí ó jẹ tẹ́tẹ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì péré ni ó lò, ó tún dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, bí mo ti ń mì ín tó, kò dá mi lóhùn mọ́. Ẹ̀rù bà mí, nítorí ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún ìyá arúgbó láti fi rántí ọkọ wọn ni mo fẹ́ bà jẹ́ yìí.

Mo gbé e lọ bá bàbá kan tí ń tún aago ṣe ní Èjìgbò, nídìí tábìlì kékeré kan lábẹ́ agbòòrùn. Bàbá náà fi awò sí ojú kan, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa, ṣé o máa ń da epo tuntun sínú agbada tí o kò fọ̀, kí o tó dín àkàrà?”

“Rárá o, Bàbá.”

“Kí ló dé tí o fi ṣe bẹ́ẹ̀ fún aago?”

Ìbéèrè yìí wọ̀ mí lára. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lójoojúmọ́ ni bàbá náà fi kọ́ mi. Wọ́n ní bí mo bá ní sùúrù, kí n máa wá ní ọjọ́ Sátidé, àwọn yóò fi ọ̀nà hàn mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé bí irú aago yìí ti ń ṣiṣẹ́. Sípíríǹgì gígùn kan wà tí a ká sínú àgbá kékeré kan. Bí a bá ń lọ́ orí aago, òun ni a ń lọ́. Bí ó ti ń tú ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín. Bí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró, kíá ni yóò tú tán. Nítorí náà ni ìkọ́ kékeré kan fi wà tí ń jẹ́ kí eyín kẹ̀kẹ́ kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ń darí ìkọ́ yìí ni kẹ̀kẹ́ kan tí ń mì lọ, tí ń mì bọ̀, pẹ̀lú sípíríǹgì mìíràn tí ó tín-ín-rín bí irun orí. Ọdún 1675 ni Christiaan Huygens, ọ̀mọ̀wé ará Netherlands, fi irú sípíríǹgì yìí han ayé. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago àpò, kẹ̀kẹ́ yìí ń mì ní ìgbà 5 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí jẹ́ ìgbà 18,000 ní wákàtí kan, àti 432,000 láàárín ọ̀sán àti òru.

Ohun tí ń ṣiṣẹ́ tó báyìí, eruku díẹ̀ tó láti dá a dúró. Òróró inú rẹ̀ a máa gbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, a sì máa gan bí oje igi. Òun ni ó mú kí aago Bàbá dákẹ́. Kò sí ohun tí ó ṣẹ́ nínú rẹ̀. Òróró máṣíìnì tí mo kán sí i ràn káàkiri, ó kó ìdọ̀tí jọ, ó sì mú kí sípíríǹgì tín-ín-rín nì lẹ̀ mọ́ra.

Bí ẹ bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò, ẹ fi ìmọ̀ràn wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkínní, ẹ má fi aago tí ẹ fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀. Aago tí kò já mọ́ nǹkan ni bàbá náà fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u, tí mo sì tò ó, kí wọ́n tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ti Bàbá.

Èkejì, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sínú àtẹ tí ó ní etí, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ sì pa fáànù. Ẹ dúró kí àwọn ọmọ sùn ná. Síkúrúù inú aago kò ju èérún iyanrìn lọ. Ọ̀kan fò mọ́ mi lọ́wọ́, n kò sì rí i títí di òní.

Ẹ̀kẹta, ẹ tú agbára sípíríǹgì ńlá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó yọ kẹ̀kẹ́ kankan. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò tú lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì ṣẹ́ eyín kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ya àwòrán ohun gbogbo bí ẹ ti ń tú u, kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ti dá a padà.

Ẹ̀karùn-ún, òògùn tí a fi ń fọ aago a máa gbiná. Ìta gbangba ni kí ẹ ti lò ó, jìnnà sí sítóòfù àti sí ọwọ́ ọmọdé. Ẹ má sì rẹ ìkọ́ kékeré nì sínú spírítì, nítorí spírítì a máa yọ́ àtè tí ó di àwọn òkúta inú rẹ̀ mú.

Ẹ̀kẹfà, òróró aago gan-an ni kí ẹ lò, ìwọ̀n tí orí abẹ́rẹ́ lè gbé.

Ìkìlọ̀ kan kù tí ó jẹ́ ti ìyá. Bí ẹ bá rí ọ̀dà pupa rúsúrúsú tí ó nípọn lára nọ́ńbà tàbí ọwọ́ aago àtijọ́, ẹ má ṣe ṣí ojú rẹ̀, ẹ má sì ha á. Ó lè jẹ́ radium, tí wọ́n fi ń mú kí aago tàn nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn ọdún 1917, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń kun ojú aago ní ìlú Orange, ní New Jersey, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ń fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn jọ. Radium jẹ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Márùn-ún pe ilé iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, wọ́n sì gba owó ìtánràn ní ọdún 1928. Nǹkan bí 1,600 ọdún ni radium ń lò kí agbára rẹ̀ tó dín kù sí ìdajì. Bí aago náà kò bá tilẹ̀ tàn mọ́, ewu rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní ti aago Bàbá, mo fọ̀ ọ́, mo sì tò ó fúnra mi, àfi sípíríǹgì tín-ín-rín nì. Nígbà tí a dé ibẹ̀, mo gbé e fún bàbá atún-aago-ṣe, nítorí ibi tí ọgbọ́n mi mọ nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì yín láti ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí aago ọwọ́ oníbátìrì tí ń lo quartz ti dé ní ọdún 1969, iye àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ń dín kù. Ẹ wá wọn lọ nígbà tí wọ́n ṣì wà.

Mo gbé aago náà padà lọ sí Ara. Ìyá gbé e sí etí, wọ́n di ojú, wọn kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé ó ń fi ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ́ra lójoojúmọ́.

“Ìyàwó mi,” ni Ìyá wí, “Bàbá fúnra wọn kì í yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun púpọ̀ ni ó ń dákẹ́ nínú ilé wa tí a ń pè ní ohun tí ó bàjẹ́. Kí ẹ tó sọ ọ́ nù, àti kí ẹ tó da òróró lé e lórí, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ó mú kí ó dákẹ́.