Ìtọ́jú Ọmọ tí Ń Kólòlò

Bí a bá sọ̀rọ̀ akólòlò láàárín wa, òwe kan ni ó máa ń tètè dé ẹnu: bí ó pẹ́ títí, akólòlò yóò pe baba. Àwa kò bá òwe náà jà. Ẹni tí ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni ó kọ́ ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ti sọ ọ́ di ìdí láti jókòó láìṣe nǹkan kan, títí ọmọ fi di géńdé.

Ìkólòlò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 2 sí 5. Ọmọ mọ ohun tí òun fẹ́ wí, ṣùgbọ́n ìró há a lẹ́nu, tàbí kí ó máa pè é lápètúnpè, tàbí kí ó fà á gùn. Kì í ṣe àìgbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òbí ni ó fà á. Iṣẹ́ ọpọlọ lórí ọ̀rọ̀ sísọ ni ó yàtọ̀ díẹ̀, ó sì máa ń rìn nínú ìdílé. Nínú 100 ọmọ, nǹkan bí 5 ni yóò kólòlò nígbà kan. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nínú 100 àgbàlagbà, nǹkan bí 1 ni ó kù. Ṣùgbọ́n ta ni lè fi ojú lásán mọ ẹni tí yóò bọ́? Nítorí náà, bí ó bá ti pé oṣù 6 tí kò dáwọ́ dúró, tàbí tí ọmọ ń fi agbára ti ọ̀rọ̀ jáde, tàbí tí ó ń sá fún ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ mú un tọ onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ lọ.

A ní ẹ̀bi kan láti jẹ́wọ́. Nígbà tí a ń ṣe olùkọ́, ọmọkùnrin kan wà tí, bí ó bá pàdé wa, yóò dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n kì yóò kí wa. A sì kà á sí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ní ọjọ́ kan àlejò bi í ní orúkọ rẹ̀, ó sì dárúkọ mìíràn. Ìgbà náà ni ó yé wa pé orúkọ tirẹ̀ ni kò ṣe é pè fún un. Ìkíni ni ẹrù tí ó wúwo jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí a lè fi rọ́pò rẹ̀, àgbà sì ń dúró.

Ọba George Kẹfà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí kò tí ì jọba, tọ Lionel Logue, ará Australia, lọ ní ọdún 1926. Logue kì í ṣe dókítà. Mímí àti ìdánrawò ni ó kọ́ ọ, wọ́n sì bá a lọ fún ọdún púpọ̀. Ìkólòlò náà kò lọ pátápátá, síbẹ̀ ọba bá gbogbo ìjọba rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọjọ́ tí ilẹ̀ rẹ̀ wọ ogun ní ọdún 1939. Ọmọ kékeré kò ní láti dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní Australia kan náà, ní ìlú Sydney, ni a ti ṣe ètò Lidcombe fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 6: onímọ̀ a kọ́ òbí, òbí a sì máa yin ọmọ níwọ̀nba, lójoojúmọ́ nínú ilé, fún ọ̀rọ̀ tí ó bá jáde láìhá.

Ní ọ̀dọ̀ wa àwọn onímọ̀ yìí kò pọ̀. Ẹ béèrè wọn ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì. Yunifásítì Ìbàdàn sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó jìnnà lè bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù. Ẹ bi í bí ó bá ti tọ́jú ọmọdé akólòlò rí, àti ohun tí ẹ̀yin òbí yóò máa ṣe. Ẹni tí ó bá ní òun yóò gé abẹ́ ahọ́n, tàbí òun yóò wò ó sàn ní ọjọ́ 3, ẹ dágbére fún un.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn ọmọ sílẹ̀ níbi tí ó gbé ń ṣeré. Nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ pé ní ọjọ́ náà gan-an, níwájú àlejò, kì yóò kólòlò rárá.