Ẹja Pípa Ní Ilẹ̀ Omi Dídì

Bí a bá wí fún apẹja kan pé kí ó gbẹ́ kànga kí ó tó lè rí ẹja pa, yóò ní ẹlẹ́yà ni à ń fi òun ṣe. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn Netsilik ti ń ṣe ní ìgbà àtijọ́ ní etíkun àríwá Kánádà, níbi tí oòrùn kì í yọ rárá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nígbà òtútù. Ẹ̀yà kan ni wọ́n nínú àwọn Ínúìtì, tí ìwé àtijọ́ ń pè ní Ẹ́skímò.

Ẹja tí wọ́n ń lépa jù ni char, ẹja ẹlẹ́ran pupa. Inú adágún ni í gbé nígbà òtútù. Bí omi dídì bá ti fọ́, a sọ̀kalẹ̀ lọ jẹun nínú òkun. Nígbà tí ó bá sì di nǹkan bí oṣù kẹjọ, a tún gun odò padà, ó ti sanra. Ìpadàbọ̀ yìí kì í pẹ́, kì í sì í dúró de ọ̀lẹ.

Nítorí náà, kí ẹja tó dé ni wọ́n ti ń ru òkúta, tí wọ́n fi ń mọ odi la odò já, pẹ̀lú àgbàlá kan tí ẹja lè wọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè rí ọ̀nà jáde. Saputit ni wọ́n ń pè é. Àlàfo kan nínú odi náà tó láti gba oúnjẹ ìgbà òtútù lọ́wọ́ gbogbo agbo ilé. Bí àgbàlá bá sì kún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ inú omi. Wọn a dúró de àṣẹ, lẹ́yìn náà gbogbo wọn a jùmọ̀ bẹ́ sínú omi tútù náà, olúkúlùkù pẹ̀lú kakivak rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀kọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta ni èyí: egungun mímú kan ní àárín, apá méjì tí a fi ìwo ṣe ní ẹ̀gbẹ́, tí ẹ̀gún wọn kọjú sínú. Bí a bá gún ẹja, apá méjèèjì a ya, wọn a sì tún pa dé mọ́ ọn. N kò rò pé alágbẹ̀dẹ kan wà tí yóò rí i tí kò ní mi orí. Abẹ́rẹ́ egungun ni wọ́n fi ń sín ẹja mọ́ okùn, bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀.

Àwọn obìnrin a fi ọ̀bẹ ulu, tí ẹnu rẹ̀ rí bí àbọ̀ òṣùpá, la ẹja, wọn a sá a sí afẹ́fẹ́ láìsí èéfín, gẹ́gẹ́ bí òkúpòrókò tí ó ń ti Nọ́wè wá. Òmíràn a lọ sábẹ́ òkúta, kí ẹranko má baà jẹ ẹ́ kí òtútù tó dé.

Nígbà tí adágún bá dì, tí omi dídì lè nípọn tó ìdúró ènìyàn, ìgbà náà ni wọ́n ń fi ọ̀pá ẹlẹ́nu egungun gbẹ́ kànga tí mo wí. Apẹja a fi òjò dídì mọ odi kékeré nítorí afẹ́fẹ́. Ọwọ́ kan ń mi okùn tí a so ère ẹja kékeré mọ́, tí a fi egungun tàbí eyín ẹranko gbẹ́. Ọwọ́ kejì di ọ̀kọ̀ mú. Ère náà kò ní ìwọ̀. Ojúmìító ẹja ni ó ń pa á: bí ó ti ń sún mọ́ ọn láti wò ó, ọ̀kọ̀ a bà á.

Láàrín ọdún 1963 sí 1965, nígbà tí Asen Balikci, onímọ̀ nípa ìṣe àwọn ẹ̀yà, mú àwọn ayàwòrán lọ sí Pelly Bay láti ya sinimá nípa wọn, ìbọn àti àwọ̀n òde òní ti gba ipò púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí. Ohun tí àwọn àgbà ṣì rántí ni wọ́n tún fi ọwọ́ ara wọn ṣe níwájú ẹ̀rọ. Kugaaruk ni ìlú náà ń jẹ́ láti ọdún 1999. Irin ni wọ́n fi ń lu omi dídì nísinsìnyí, ọkọ̀ elépo ni wọ́n sì ń gùn lórí òjò dídì lọ sí adágún, ṣùgbọ́n char kan náà ni wọ́n ń wá lọ.