Ìdánwò fún Ilé Àyẹ̀wò Oúnjẹ

Òjé, cadmium, arsenic àti mẹ́kúrì jẹ́ oró tí ojú kì í rí nínú oúnjẹ, tí ahọ́n kì í sì í mọ̀. Ní ọdún 2010, òjé láti ibi ìwakùsà wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400 ní Ìpínlẹ̀ Zamfara. Ìlànà oúnjẹ Codex fún àgbáyé ni pé òjé inú ọkà bí ìrẹsì kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.2 lọ nínú kílò kan. Nǹkan kékeré báyìí ni ilé àyẹ̀wò ń wá, àṣìṣe díẹ̀ sì lè yí èsì padà.

Ní Òṣòdì, ní Èkó, ni ilé àyẹ̀wò àgbà àjọ NAFDAC, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, wà. Nínú irú ilé àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, wọ́n á lọ oúnjẹ kúnná, wọ́n á fi ásíìdì gbígbóná yọ́ ọ, ẹ̀rọ á wá wọn irin olóró bí òjé tó wà nínú rẹ̀. Bí eruku bá bà sí ìgò, òjé inú eruku lè kún ti oúnjẹ. Bí ìgò kò bá dé dáadáa, mẹ́kúrì lè di oru lọ.

Nítorí náà, wọ́n á gbé ásíìdì nìkan, láìsí oúnjẹ, gba gbogbo ìpele àyẹ̀wò. Bí òjé bá hàn, kì í ṣe inú oúnjẹ ló ti wá. Wọ́n tún lè fi òjé tí wọ́n mọ iye rẹ̀ kún oúnjẹ: bí wọ́n bá fi 10 kún un, tí ẹ̀rọ rí 6 péré nínú ohun tí wọ́n fi kún un, 4 ti sọnù.

Ìdánwò tó le jù ni èyí tó ti ìta wá. Olùṣètò ìdánwò náà á fi ìyẹ̀fun kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilé àyẹ̀wò, láì sọ iye irin inú rẹ̀. Ká ní iye tó tọ́ jẹ́ 0.20, tí ìwọ̀n ìyàtọ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò máàkì sì jẹ́ 0.03. Wọ́n á fi 0.03 yìí pín ìyàtọ̀ tó wà láàrin èsì àti iye tó tọ́: ẹni tó rí 0.23 gba 1. Ẹni tó rí 0.32 gba 4. Níbí, máàkì kékeré ló dára: èyí tí kò ju 2 lọ yege, ààrin 2 sí 3 jẹ́ ìkìlọ̀, 3 sókè ti kùnà.

Ilé àyẹ̀wò tó bá kùnà gbọ́dọ̀ wá ibi tí àṣìṣe ti wọlé, kó sì tún un ṣe. Èsì tó ga ju òtítọ́ lọ lè ba ọjà aláìṣẹ̀ jẹ́. Èyí tó kéré ju òtítọ́ lọ lè mú òjé dé inú abọ́ ọmọdé, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Ìlànà ISO/IEC 17025 ni àjọ NiNAS fi ń fún ilé àyẹ̀wò ní ìwé ẹ̀rí ní Nàìjíríà. Ìwé ẹ̀rí fún àyẹ̀wò kan kì í ṣe ti òmíràn. Ó yẹ kí oníṣòwò béèrè bóyá àyẹ̀wò irin tí òun ń wá gan-an wà nínú ìwé ẹ̀rí náà.